Ewé Jogbo Ìdí Kòkó

Ìtìjú ni ìfẹ́ Julianah Ògúnjìnmí àti Ọlágòkè Béjidé fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ òmíràn fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Oṣù kejì ọdún 1994 ni. Julianah, ọmọ Iléṣà tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Òṣogbo, jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé aago ọwọ́ òun ti dúró. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní Ìgbọ̀nà. Ọlágòkè nìyẹn. Ó fi gíláàsì kékeré kan há ojú kan, ó tẹrí mọ́ iṣẹ́ débi pé kò mọ ìgbà tí oníbàárà wọlé. Nígbà tó gba aago náà, ó gbé e sétí, ó yí ìdí rẹ̀ díẹ̀, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

"Àǹtí, aago yín ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ẹ gbàgbé láti yí i ni."

Julianah fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó béèrè iye owó, Ọlágòkè ní òun kì í gba owó iṣẹ́ tóun ò ṣe. Kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí ó bá rẹ́rìn-ín ni, Julianah ì bá bú u, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé aago ara ògiri ilé Àǹtí Adétutù lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí Adétutù, ilé rẹ̀ ní Dàda Estate ni Julianah ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: aago yẹn ò ní àrùn kankan. Julianah fúnra rẹ̀ ló yọ bátìrì inú rẹ̀ sínú àpò. Ọlágòkè ṣí ẹ̀yìn aago, ó rí i pé kò sí bátìrì, ó wo aago, ó wo Julianah. Ó ní iṣẹ́ eléyìí á pẹ́ o, kí àǹtí jókòó. Julianah jókòó títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe di ara wọn. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn, tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Ágíríìkì, ni Julianah ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà Ágíríìkì ni Ọlágòkè sọ ọ́. "Ágíríìkì mi, ṣé o ti jẹun?" "Ágíríìkì mi, oòrùn oko ti pa ọ́ lára." Kò sí bí inú rẹ̀ ṣe lè bàjẹ́ tó lọ́jọ́ kan, tó bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, á rẹ́rìn-ín ni. Ó fẹ́ràn sùúrù ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń fọwọ́ kan nǹkan bí ẹni pé nǹkan náà lè bú sẹ́kún.

Gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni Julianah ń gun ọ̀kadà káàkiri abúlé, láti Ọ̀fàtẹ̀dó títí dé ẹ̀yìn odò, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ohun tuntun. Ohun tí wọ́n rán wọn lọ sọ lọ́dún yẹn ni pé kí àgbẹ̀ má sun èpò mọ́. Kí wọ́n kó èpò tí wọ́n bá gé bo ìdí ohun ọ̀gbìn, kí oòrùn má baà fa omi ilẹ̀ gbẹ. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Julianah gbà á gbọ́ bó ṣe gba Bíbélì gbọ́.

Ní oṣù karùn-ún, ó mú Ọlágòkè lọ han àwọn òbí rẹ̀ ní Iléṣà. Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Barnabas Ògúnjìnmí, ó sì tún ní oko obì díẹ̀. Àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Owó obì ló fi rán Julianah níwèé, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ló ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ àgbẹ̀. Bó bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ wá àga jókòó ni.

Bàbá wo Ọlágòkè láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ wá dúró sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ yìí, ṣé ó di ọkọ́ mú rí? Ọlágòkè ní rárá, sà. Bàbá ní kò burú. Ó ní ọmọ ọkùnrin mẹ́ta ló ti fẹ́ ọmọ nínú ìdílé àwọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó ẹgbẹ́ wọn wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Àwọn ẹlòmíràn ti ń fi owó dípò rẹ̀ láyé ìsinsìnyí, àmọ́ òun ò fẹ́ owó. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ọ̀ọ́dúnrún ọmọ kòkó sí Òkè-Àáyán, sójú ibi tí èyí tí bàbá òun gbìn ti gbó, èpò sì ti fẹ́ gba oko náà. Kí Ọlágòkè kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá.

Ẹ̀rù ba Ọlágòkè. Nígbà tí wọ́n padà dé Òṣogbo, kò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ágíríìkì mi, mi ò mọ oko rárá," ó ní. "Tí ojú bá tì mí lóko bàbá ẹ, ojú ti ìwọ náà nìyẹn."

Julianah ní kó fọkàn balẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú, ó já ewé kòkó wá fún un kó baà lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó wá sọ èyí tó gbẹ̀yìn fún un, tayọ̀tayọ̀. Ó ní tí ẹ bá gé èpò náà tán, ẹ má kó o dà sínú igbó bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Ẹ fi bo ìdí kòkó kọ̀ọ̀kan, kó nípọn. Bàbá mi á rí i, á mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ òun kì í ṣe ẹni tó kàn ń fi ọkọ́ gbálẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Sátidé kan ní oṣù kẹfà ni ọ̀wẹ̀ náà. Àwọn méje ló bá Ọlágòkè wá, Mọ́ṣúdù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló sì ń dá orin fún wọn. Èpò tó wà lóko yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irú kan ṣoṣo: jogbo ni, èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa ẹyin adìyẹ inú àwo, tí ewé rẹ̀ korò ju ewúro lọ. Àwọn àgbà ní ẹ̀gbẹ́ títì lèpò náà ti kọ́kọ́ yọ, kó tó wọ oko. Wọ́n gé e ní tútù, wọ́n fi bo ìdí kòkó bí Ọlágòkè ti sọ, ó nípọn tó orúnkún. Ogójì ìdí ló kù lẹ́bàá odò nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Bàbá ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fóun.

Julianah kò débẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń ṣe ọ̀wẹ̀ nítorí rẹ̀ kì í lọ wòran lóko. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gúnyán nílé. Nígbà tí Bàbá dé, ó bu omi mu, ó ní, "Ọmọ yìí ń ronú," ó sì dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí oṣù kẹjọ. Julianah wọ yàrá lọ, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu, ó jó.

Òjò wá rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé àwọn ọmọ kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Etí ewé jó, ọ̀mùnú ò yọ mọ́. Nígbà tí oṣù keje fi máa parí, èyí tó kú ti lé ní igba. Bàbá fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, kò gùn ju ìka lọ. Ó rìn lọ sẹ́bàá odò, ó wo ogójì tí òun fọwọ́ ara òun ro. Gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀.

Ta ló máa wí fún un pé kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin náà? Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ọjọ́ kan náà ló gbìn wọ́n. Èyí tí ọwọ́ tirẹ̀ kàn yè, èyí tí ọwọ́ Ọlágòkè kàn kú. Bàbá ní òun kì í ṣe ẹni tó ń gba ohunkóhun gbọ́ lásán, àmọ́ Ọlọ́run máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Ọlágòkè wá sí Iléṣà. Ìyá Julianah jókòó, Julianah fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, kò tíì wá sí i lọ́kàn pé ẹ̀kọ́ òun lè pa kòkó.

"Kí lo ṣe sí oko mi?" Bàbá bi í. "Ta ló kọ́ ọ ní ohun tó o ṣe níbẹ̀?"

Ọlágòkè dọ̀bálẹ̀, kò gbójú sókè. "Èmi ni mo ṣe é, sà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ forí jì mí."

Bàbá ní òun ti forí jì í, àmọ́ òun ò ní lè fún un lọ́mọ. Ìgbéyàwó tí kòkó kú sí nídìí báyìí, kí ló tún máa kú tẹ̀ lé e? Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọlágòkè dákẹ́, tirẹ̀ sì bá a dákẹ́ lóòótọ́. Ó dìde, ó kí wọn, ó lọ.

Julianah sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Nígbà tó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, Ọlágòkè ní òun ò ní gbé e sá, òun ò sì ní ní kó kọ bàbá rẹ̀. Ìyá Ọlágòkè náà ti gbọ́. Ọmọ tóun fi ìyà tọ́, kí wọ́n máa wí pé ọwọ́ rẹ̀ ń pa nǹkan? Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọmọbìnrin kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ìfẹ́ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti oṣù kejì, ó ti fẹ́ dìde lọ.

Bí Julianah ṣe padà sí Iléṣà lópin ọ̀sẹ̀, oko ló gbà lọ ní tààrà. Kò lọ wo kòkó tó kú. Ẹkún ara rẹ̀ ló lọ sun. Ibi tó jókòó sí, ìdí jogbo kan tí wọn ò gé ni, ó sì ṣàdédé rí i pé kò sí koríko kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ òmíràn wò, bákan náà. Ilẹ̀ mọ́ lábẹ́ gbogbo wọn bí ìgbà tí wọ́n gbá a. Ìgbà náà ni ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé tó kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì padà sọ́kàn rẹ̀. Ìwé náà ní èpò mìíràn kì í du oòrùn àti omi nìkan mọ́ ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé ó máa ń da oje sílẹ̀ láti ara ewé àti gbòǹgbò, oje náà á sì dènà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má lè dàgbà. Nítorí ìdánwò ló ṣe há a sórí, kò sì rántí rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó wá agolo mílíìkì méjìlá, ó tò wọ́n sẹ́yìnkùlé Àǹtí Adétutù. Ilẹ̀ kan náà ló bù sínú wọn, àgbàdo kan náà ló gbìn. Ó ń bomi rin mẹ́rin pẹ̀lú omi lásán. Ó ń bomi rin mẹ́rin pẹ̀lú omi tó rẹ ewé jogbo tútù sí mọ́jú. Mẹ́rin tó kù, jogbo tó ti gbẹ tó sì ti jẹrà ló kó sórí ilẹ̀ wọn. Àǹtí Adétutù ní ṣé àìrí ọkọ fẹ́ náà ló fà á tó fi ń tọ́jú agolo.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó kúnlẹ̀ síwájú àwọn agolo náà. Ti omi lásán ti ga ju ìbú ọwọ́ lọ. Ti jogbo jíjẹrà ga jù ú lọ, ó tún dúdú dáadáa. Ti omi jogbo tútù, méjì ò hù rárá, méjì tó hù ràn mọ́lẹ̀, ara wọn pọ́n. Kì í ṣe ọwọ́ Ọlágòkè. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àmì láti ọ̀run. Ẹnu òun Julianah ló pa kòkó bàbá rẹ̀.

Ìgbọ̀nà ló kọ́kọ́ sáré lọ.

"Ṣé o ti mọ̀?" ó bi Ọlágòkè.

Ọlágòkè gbé aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mo fura. Ohun tí mo fi bo ìdí rẹ̀ nìkan ni mo ṣe tí bàbá ẹ ò ṣe."

"O wá dákẹ́. O jẹ́ kí wọ́n lé ọ."

"Kí n sọ ọ́, kí bàbá ẹ máa wò ọ́ bí ẹni tó ba oko òun jẹ́? Ágíríìkì mi, ìwọ ni gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn fi ń yangàn. Kí ó kórìíra mi, mo lè fara dà á."

Julianah bú sẹ́kún. Kò rò pé ẹnìkan lè fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀, inú sì tún ń bí i sí i. Ọlágòkè bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ sọ ọ́. Ó ní èyí tó kú ti kú. Ká ní Julianah gbọ́ tirẹ̀ ni, ì bá wà ní ọmọ rere lójú bàbá rẹ̀ títí ayé, tí ọkọ rẹ̀ á wà nílé ẹlòmíràn.

Àwọn agolo náà bá a dé Iléṣà lọ́jọ́ Sunday. Epo mọ́tò wọ́n gógó nígbà náà, ó dúró fún wákàtí mẹ́ta kó tó rí ọkọ̀ wọ̀, ó sì gbé wọn sórí itan nínú bàsíà títí dé ilé. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tíì bọ́ agbádá. Julianah tò wọ́n síwájú rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan mu.

Bàbá fi ojú àgbẹ̀ wò wọ́n. Ó béèrè bóyá ilẹ̀ kan náà ni. Ó béèrè bóyá ọjọ́ kan náà ló gbìn wọ́n. Ó fa àgbàdo ràn-mọ́lẹ̀ kan tu, ó wo gbòǹgbò rẹ̀: dúdú, kúkurú. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Èmi ni mo ní kó fi bò ó, Bàbá," Julianah wí. "Kò mọ oko. Èmi Ágíríìkì ni mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ, mi ò sì mọ èpò tó wà níbẹ̀."

Ohun tí Julianah ń retí ni kí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó obì, kó sọ̀rọ̀ ìwé, kó sọ pé ojú ti òun níwájú ìjọ. Kò sọ ọ̀kankan níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló yíjú sí.

"Mo bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè níbí. Mo ní ta ló kọ́ ọ. Kí ló fèsì?"

"Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun," ìyá Julianah dáhùn.

"Ìwọ Julianah, nígbà tó wí bẹ́ẹ̀, ṣé ó ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ rẹ ni?"

"Ó ti mọ̀, sà."

Bàbá bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní ẹni tí kò bá gbin nǹkan rí nìkan ni nǹkan ò lè kú mọ́ lọ́wọ́. Ó ní kó dìde, kó lọ jẹun, kó sì rí i dájú pé gbogbo abúlé tó ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ yẹn ló padà lọ, kó sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí jogbo jẹrà ná kó tó dé ìdí ohunkóhun. Ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nípa ti Ọlágòkè, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Julianah fi gun ọ̀kadà pẹ̀lú agolo káàkiri, ó ń jẹ́wọ́ fún àgbẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan dúpẹ́. Baba arúgbó kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé èpò yẹn kì í fẹ́ aládùúgbò, wọn ò kàn bi òun léèrè ni. Julianah ń gbọ́, ó ń kí wọn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òun ti pàdánù ọkùnrin náà.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Gbogbo èèyàn ló mọ ọjọ́ yẹn, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri. Àmọ́ bí ẹ bá bi Julianah ní ọjọ́ tó dé ilé ọkọ, Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ló máa dárúkọ fún yín.

Ó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé Àǹtí Adétutù lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ tí kì í wá sí Òṣogbo, tó ní ariwo ibẹ̀ ń fọ́ òun lórí, ti wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Iléṣà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti béèrè títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù Ọlágòkè ní Ìgbọ̀nà, ìyẹn sì mú un délé ìyá rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá ìyàwó kì í lọ bẹ ará ilé ọkọ? Àwọn ará ilé ọkọ ló ń bẹ̀bẹ̀, àwọn ló ń dọ̀bálẹ̀, ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá la ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá Barnabas Ògúnjìnmí dúró níwájú ìyá Ọlágòkè, ó bọ́ fìlà, ó ní òun ló ṣi ọmọ rẹ̀ kà sí ẹni burúkú, òun wá tọrọ àforíjì. Wọ́n ní obìnrin náà fi í sílẹ̀ lórí ìdúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Lẹ́yìn náà ló gbé àga fún un.

Julianah kò tíì mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tó rí ni pé géètì ṣí, bàbá rẹ̀ wọlé, Ọlágòkè tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó bá a gbé àpò. Ó dìde, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ rẹ rè é," Bàbá wí. "Wá omi fún un, oòrùn ti mú un."

Ọlágòkè rẹ́rìn-ín músẹ́. Julianah kò lè gbẹ́sẹ̀. Àǹtí Adétutù ló bu omi náà wá.